Lẹ́tà ṣíṣí sí àbúrò mi tó kọ̀ láti sáìn owó wọ́kìṣọ́ọ̀pù

Àbúrò mi dáadáa,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ kí n tó kọ èyí síta, o sì ní kò burú tí mi ò bá ti dárúkọ ẹ tàbí mínísírì tó o ti ń ṣiṣẹ́, torí náà kò sí orúkọ kankan tó máa jáde níbí. Ìdí tí mi ò fi rọra fi ránṣẹ́ sí ẹ lórí WhatsApp ni pé kì í ṣe ìwọ nìkan lọ̀rọ̀ yìí bá. Àwọn ọmọ Yorùbá onígbàgbọ́ tó ń jí ní Kubwa, ní Nyanya, ní Mararaba, ní Lugbe, láyìíká Abuja níbí, tí wọ́n ń wọ along, ọkọ̀ èrò ojú ọ̀nà, lọ sí Secretariat, ọgbà ọ́fíìsì ìjọba, láràárọ̀ pọ̀ gan-an, irú nǹkan yìí ń jẹ wọ́n lọ́kàn, wọn ò sì rẹ́ni bá sọ ọ́. Tí wọ́n bá sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á ní kí wọ́n lọ gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Tí wọ́n bá sọ ọ́ nílé, wọ́n á ní ṣé àwọn nìkan ló mọ Ọlọ́run ni.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kà á, bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Ọmọ yìí ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, Level 8 ni wọ́n gbà á sí. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé ìwé kan wọ yàrá tí wọ́n jókòó sí pé kí gbogbo wọn sáìn, wọ́kìṣọ́ọ̀pù ní Kaduna, owó DTA, ìyẹn owó ìrìnàjò iṣẹ́, ti alẹ́ mẹ́ta wà níbẹ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó lọ Kaduna nínú wọn. Wọ́kìṣọ́ọ̀pù ọ̀hún gan-an ò wáyé. Wọ́n ní kó kàn kọ orúkọ ẹ kó sáìn, kó má dààmú nípa rìsíìtì òtẹ́ẹ̀lì, ẹnì kan wà tó máa ń bá gbogbo wọn wá ìyẹn. Ó ní òun ò lè sáìn pé òun dé ibi tóun ò dé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé àpárá ló ń dá. Nígbà tí wọ́n rí i pé kì í ṣe àpárá, kò pẹ́ tí wọ́n fi ní kó kó ẹrù ẹ lọ sí rẹjísírì, yàrá tí wọ́n ń kó fáìlì sí, nísàlẹ̀, níbi tí fáànù ti kú tipẹ́, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù ẹ̀ka wọn, ìgbà tí tiréníǹgì tó jẹ́ òótọ́ sì wá dé, wọ́n wá orúkọ ẹ tì. Èyí tó dùn ún jù ni pé ọ̀gbẹ́ni tó gbé ìwé yẹn wá ló máa ń darí àdúrà òwúrọ̀ ní ọ́fíìsì. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àmín tán ni o.

Àbúrò mi, o wá jókòó sórí àpò ìrẹsì nínú ṣọ́ọ̀bù mi, o ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kì í ṣe pé mo ya dìndìnrìn báyìí?" Mi ò ráyè dá ẹ lóhùn torí èrò pọ̀, Hajia kan ń pariwo pé kí n wọn ìrẹsì fóun kóun máa lọ, nígbà tí mo fi máa bojú wẹ̀yìn o ti lọ. Ó dáa, ìdáhùn rèé.

O ò ya dìndìnrìn. Àmọ́ o pàdánù, mi ò sì ní bo ìyẹn mọ́lẹ̀ fún ẹ. Owó yẹn ì bá wúlò, rẹjísírì gbóná, ojú sì ń tì ẹ́ láàárín àwọn tẹ́ ẹ jọ wọlé síṣẹ́. Àwọn pásítọ̀ kan máa sọ fún ẹ pé torí o ṣe òótọ́, Ọlọ́run á san án padà fún ẹ ní ìlọ́po méje kọ́dún tó parí, wọ́n á ní kó o lọ retí ìpè láti ọ́fíìsì ọ̀gá pátápátá. Èmi ò gbà. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, kò kúkú sóhun tí Ọlọ́run ò lè ṣe, àmọ́ kì í ṣe àdéhùn tó bá wa ṣe nìyẹn. Àwọn àgbà wa sọ ọ́ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Èmi tí mo ń jókòó lọ́jà lójoojúmọ́ mọ̀ pé wọn ò parọ́. Jésù gan-an ò tan ẹnikẹ́ni, nínú Mátíù orí kẹwàá ó sọ fún àwọn ọmọlẹ́yìn ẹ̀ pé gbogbo èèyàn máa kórìíra wọn nítorí orúkọ òun, ẹni tó bá forí tì í dé òpin la ó gbà là. Kò sọ pé ẹni tó bá forí tì í dé òpin oṣù.

Kí n tó lọ jìnnà, àwa tá à ń gbé l'Óòkè Ọya yìí ò gbọdọ̀ máa sọ̀rọ̀ ìforítì bí ẹni pé a ò mọ ohun tó ti ná àwọn ẹlòmíì. Leah Sharibu, ọmọ ọdún 14 ni nígbà tí àwọn agbébọn jí òun àtàwọn ọmọbìnrin 109 mìíràn kó nílé ìwé wọn ní Dapchi, ìpínlẹ̀ Yobe, ní February 19, 2018. Oṣù tó tẹ̀ lé e wọ́n dá ọ̀pọ̀ nínú wọn padà, wọ́n dá òun dúró torí pé ó ní òun ò ní sẹ́ Kristi. Ọmọ ọdún 14! Ọdún ti gorí ọdún. Madalla náà wà níbí, kò jìnnà sí wa, ẹni tó bá ń ti Kubwa lọ sí Suleja á gba ibẹ̀ kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì St. Theresa tí wọ́n ju bọ́ǹbù sí lọ́jọ́ Kérésì ọdún 2011, àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ní máàsì ni. Wọ́n ṣì ń ṣe ìsìn níbẹ̀ títí dòní. Mi ò fi èyí dẹ́rù bà ẹ́, mi ò sì fi pé kí ojú tì ẹ́ pé ohun tójú ẹ rí kéré. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ nínú wa, kò sẹ́ni tó máa na ìbọn sí wa pé ká sẹ́ Jésù. Báírò ni wọ́n máa nà sí wa. Wọ́n á fẹ̀rín sí i, wọ́n á pè wá ní "my brother in the Lord", wọ́n á ní ibi tó yẹ ká sáìn rèé. Kò ní jọ ìdánwò rárá, ìdí nìyẹn tá a fi ń ṣubú níbẹ̀ láìmọ̀ pé a ti ṣubú.

Wo Dáníẹ́lì. Gbogbo wa la mọ ti ihò kìnnìún, àwọn ọmọ Sunday school gan-an máa ń fi ṣeré lọ́jọ́ Children's Day. Ibi tá ò kì í dúró sí ni orí kẹfà yẹn kan náà, ní ìbẹ̀rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni Dáníẹ́lì o. Wọ́n kó o nígbèkùn kúrò nílé, ó ń ṣiṣẹ́ fún ọba tí kì í sin Ọlọ́run ẹ̀, Dáríúsì wá fi 120 èèyàn ṣe baálẹ̀ káàkiri ìjọba ẹ̀, ó fi alákòóso mẹ́ta lé wọn lórí, Dáníẹ́lì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn. Ká sọ ọ́ bó ṣe yé wa l'Abuja, Dáírẹ́kítọ̀ ni. Inú bí àwọn yòókù, wọ́n sì kọ́kọ́ lọ wá ẹ̀sùn sí i lẹ́sẹ̀ nídìí iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe. Wọ́n wá a, wọ́n tú u wò, wọn ò rí àṣìṣe kankan, wọn ò rí jìbìtì. Ìgbà tí wọn ò rí nǹkan kan ni wọ́n tó sọ pé àfi káwọn wá ọ̀rọ̀ sí i lọ́rùn nípa òfin Ọlọ́run ẹ̀, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ àdúrà àti kìnnìún ti wọlé. Ká sòótọ́ fúnra wa, tó bá jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n wá ẹ̀sùn sí báyẹn, wọn ò ní pẹ́ dé ìdí àdúrà rárá. Ìdí DTA ni wọ́n ti máa mú wa, wọ́n á sì tètè padà sílé lọ́jọ́ yẹn.

Èmi ò ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ̀wà, ìrẹsì àti gàrí ni mò ń tà, àmọ́ nǹkan kan náà ló ń bá wa jà. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi, Sabon Gari ní Zaria ló ti ṣòwò, irú àwọn oníṣòwò báyẹn ló sì gbé ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi dé ọ̀pọ̀ ìlú l'Óòkè Ọya, nínú yàrá ara wọn ni wọ́n ti ń kọrin lọ́jọ́ Sunday kí ìjọ tó di ìjọ. Ohun tí bàbá mi kọ́kọ́ fi lé mi lọ́wọ́ lọ́jà ni mudu. Ẹ̀yin tẹ́ ò gbé apá ibí rí, abọ́ onírin tí wọ́n fi ń wọn nǹkan ni. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi í jalè. Wọ́n á da abọ́ yẹn dé, wọ́n á fi òòlù lu ìdí ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi wọ inú, tí wọ́n bá wá wọn ẹ̀wà sínú ẹ̀, òkè á kún gògòrò, á tún máa dà nù sílẹ̀ kó lè dà bí ẹni pé ẹni tó ń tà á lawọ́, bẹ́ẹ̀ ìdí ẹ̀ ti gbé tó ẹ̀kúnwọ́ méjì jẹ. Àwọn Hajia tó mọ ọjà á kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ inú mudu ẹ kí wọ́n tó jẹ́ kó o wọn nǹkan kan. Bàbá mi ò lu tiẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ jókòó lọ́jà kọ́ ilé sí Ògbómọ̀ṣọ́ ṣáájú ẹ̀, àwọn kan kọ́ méjì, òun ò rí tiẹ̀ kọ́ títí ó fi darúgbó kùjọ́kùjọ́. Mi ò ní parọ́ fún ẹ pé ó padà wá lówó jù wọ́n lọ. Kò lówó jù wọ́n lọ.

Lónìí, mudu nìkan kọ́. Ẹ̀wà ò ṣeé tọ́jú, tó bá pẹ́ nílẹ̀ kòkòrò á lu ú jára, á ku lẹ́búlẹ́bú sísàlẹ̀ àpò. Kí ni àwọn èèyàn wá ń ṣe? Wọ́n ń da Sniper sí i. Oògùn tí wọ́n fi ń pa aáyán! Ọdún 2019 ni NAFDAC ti ní kí wọ́n yéé ta àwọn ìgò kékeré ẹ̀ lọ́jà, ẹ bá mi wò ó bóyá ó tán lọ́jà. Ẹni tó ń dà á sí ẹ̀wà ò ní jẹ nínú ẹ̀wà yẹn o, á ti ya tiẹ̀ sọ́tọ̀. Mo mọ ẹnì kan tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí kì í pa vigil jẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn, tó jẹ́ pé àwọn ará ìjọ ẹ̀ gan-an ni oníbàárà ẹ̀, ó ń fún wọn ní májèlé díẹ̀díẹ̀, ó sì ń bá wọn gbàdúrà fún ìlera. Àpò kan wà tí wọ́n ń pè ní PICS, onípele mẹ́ta ni, ọ̀rá méjì nínú àpò kan lóde, tó o bá kó ẹ̀wà gbígbẹ sí i tó o so ọ́ le dáadáa, atẹ́gùn ò ní wọlé, kòkòrò tó wà nínú ẹ̀ á kú fúnra ẹ̀. Kò sí oògùn, kò sí nǹkan. Àmọ́ ó wọ́n ju àpò lásán lọ, tí eku bá sì lu ọ̀rá yẹn, ó ti tán nìyẹn, wàá ra òmíì. Owó àpò yẹn ni ìgbàgbọ́ mi ń ná mi lọ́dọọdún. Ẹ̀rí tèmi nìyẹn, mi ò sì rí pásítọ̀ tó máa pè mí síwájú kí n wá jẹ́ ẹ.

Màláàmù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ń wo gbogbo ẹ̀. Mùsùlùmí ododo ni, mi ò wàásù fún un rí, ó sì lè má di Kristẹni láé, ìyẹn wà lọ́wọ́ Ọlọ́run. Àmọ́ tó bá ń lọ Katsina lọ wo ìyá ẹ̀, ọwọ́ mi ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ sí, kì í fún àwọn èèyàn ẹ̀ tó wà lódìkejì. Níbi tá à ń gbé yìí, tí ìjà ẹ̀sìn ti lé àwọn ẹbí wa kúrò ní Kaduna lọ́dún 2000, tí mo rántí bí wọ́n ṣe ń sá bọ̀ pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn nìkan, mi ò fojú kékeré wo kọ́kọ́rọ́ yẹn.

Ó dáa, mo ti gbè ẹ́ lẹ́yìn, jẹ́ kí n wá bá ẹ wí. O mọ̀ pé mi ò lè ṣe kí n má bá ẹ wí.

Ìwọ tó o kọ owó DTA, aago mélòó lo ń dé ọ́fíìsì? Mo bi ẹ́ nígbà kan, o ní mẹ́wàá, o ní ìgbà míì mẹ́wàá ààbọ̀, pé kí ni wàá tètè dé rẹjísírì ṣe. O ní tó bá di Friday, tí àwọn kan bá ti lọ kírun, ìwọ náà á ti wọkọ̀ lọ sílé. Wò ó, àbúrò mi, ìjọba ń sanwó aago mẹ́jọ fún ẹ, o ń fún wọn ní aago mẹ́wàá, kí ni ìyàtọ̀ ìyẹn àti mudu tí wọ́n lu ìdí ẹ̀? Owó alẹ́ mẹ́ta ni wọ́n fẹ́ kó o gbà ní Kaduna tó o kọ̀, o sì ń gba ti wákàtí méjì lójoojúmọ́. Mo mọ̀ pé inú ló ń bí ẹ. Mo mọ̀ pé ṣe lo fẹ́ fi yé wọn pé wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Àmọ́ rẹjísírì tí wọ́n gbé ẹ lọ yẹn, àwọn èèyàn ló wà lẹ́yìn gbogbo fáìlì tó wà níbẹ̀. Ẹnì kan ń wá ìwé owó ìfẹ̀yìntì ẹ̀ láti Sokoto, ó ti wọ mọ́tò òru wá, ó sùn sí ilé èrò, wọ́n ní fáìlì ẹ̀ ò sí. Ó wà níbẹ̀. Ẹni tó yẹ kó wá a ni ò tíì dé. Tó bá jẹ́ ìwọ lo dé aago mẹ́jọ tó o wá fáìlì yẹn fún baba arúgbó yẹn láìgba kọ́bọ̀, mi ò rò pé iṣẹ́ ìhìnrere kan wà tó ju ìyẹn lọ nínú gbogbo ilé yẹn, àdúrà òwúrọ̀ wọn pẹ̀lú.

Èkejì, àwọn tó sáìn yẹn, má fojú ẹni ègbé wò wọ́n. Mo gbọ́ bó o ṣe ń sọ̀rọ̀ wọn, mi ò sì fẹ́ràn ẹ̀. Ìwọ ò tíì láya, o ò tíì lọ́mọ, yàrá kan lo ń sanwó ẹ̀. Nínú àwọn tó sáìn yẹn, ẹnì kan lè wà tí wọ́n ti lé ọmọ ẹ̀ wálé nítorí owó ilé ìwé, látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023 owó ọkọ̀ nìkan ń jẹ ìdajì owó oṣù àwọn kan. Kò sọ ọ́ di dáadáa. Olè ni. Àmọ́ nígbà tí àwọn agbowó orí àtàwọn sọ́jà wá bá Jòhánù Onítẹ̀bọmi nínú Lúùkù orí kẹta, tí wọ́n ní kí làwọn máa ṣe, kò bú wọn, kò sì ní kí wọ́n fiṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí agbowó orí má gbà ju iye tí wọ́n ní kó gbà lọ, ó ní kí sọ́jà má fipá gba nǹkan oní nǹkan, kó jẹ́ kí owó oṣù ẹ̀ tó o. Ọ̀rọ̀ tó rọrùn báyẹn! Ọ̀gbẹ́ni tó ń darí àdúrà yẹn náà, o lè lọ bá a ní òun nìkan, kó o sọ fún un pé ohun tó ṣe dùn ẹ́. Tó bá gbọ́, Ọlọ́run ṣeun. Tí ò bá gbọ́, o ti sọ ọ́. Àmọ́ kó o máa fi ẹ̀yìn ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà káàkiri Kubwa, ìyẹn ò sí nínú ìgbàgbọ́ kankan tí mo mọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le wàyí ni ti ṣọ́ọ̀ṣì. O ní o ò wá mọ́ torí pé tó o bá ti rí wọn tí wọ́n gbọ́wọ́ sókè, ọ́fíìsì ló ń wá sí ẹ lọ́kàn. Mo mọ ohun tó ò ń sọ. Ẹ̀yin pásítọ̀ àtẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ka èyí, ẹ má bínú sí mi, àmọ́ ẹ wo àwọn tẹ́ ẹ ń pè síwájú láti jẹ́rìí. Ẹni tó ra mọ́tò, ẹ pè é. Ẹni tó ra ilẹ̀ ní Gwagwalada, ẹ pè é. Tó bá di ìkórè, ẹ̀yin fúnra yín mọ owó oṣù ọ̀gá tẹ́ ẹ fi ṣe alága, ẹ mọ̀ pé bó bá tọ́jú ẹ̀ fún ogún ọdún kò lè tó iye tó jù sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ẹ sì bú sí hallelúyà. Ọmọ tó wà lẹ́yìn níbẹ̀ tí wọ́n jù sí rẹjísírì torí òótọ́ ń wò yín. Kí lẹ rò pé ó ń kọ́? Mi ò ní kẹ́ ẹ di ICPC, àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́. Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹnì kan jáde lọ́jọ́ kan kó sọ pé òun pàdánù owó kan lọ́sẹ̀ yìí torí Jésù, kí ìjọ sì pàtẹ́wọ́ fún un bẹ́ ẹ ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún oní Corolla.

Àmọ́ ìwọ àbúrò mi, ìyẹn ò ní kó o jókòó sílé. Tó o bá ń lọ sílé lóṣù December, Lọ́kọ́ja lẹ máa gbà, gbogbo wa là ń gbabẹ̀, ká máa ra ẹja ká máa bú gosíló. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n tà káàkiri kí ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á sílẹ̀ lójú òkun, tó wá di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ẹni dúdú àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ ẹ́. Ó gbé iṣẹ́ ìhìnrere gba odò Ọya lọ. Nígbà tó di 1890, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, àwọn òyìnbó kéékèèké tí ò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà jókòó sí ìpàdé pẹ̀lú ẹ̀, wọ́n ń lé àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ dànù níṣojú ẹ̀, ọmọ bíbí inú ẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n dá dúró. Kì í ṣe pé àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ ò ní àléébù o, àwọn kan nínú wọn hùwà tí ò dáa. Ṣùgbọ́n irú ìwọ̀sí tí wọ́n fi kan baba arúgbó yẹn! Ó fi ìgbìmọ̀ yẹn sílẹ̀. Kò fi Kristi sílẹ̀. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú, wọ́n sì fi òyìnbó rọ́pò ẹ̀. Kò rí ọjọ́ tí wọ́n máa bẹ̀ ẹ́. Bíbélì Yorùbá tó wà lórí fóònù ẹ yẹn, ọwọ́ ẹ̀ wà níbẹ̀, ó sì ti wà lódidi kí wọ́n tó fi ìwọ̀sí yẹn kàn án. Nígbà míì tí mo bá ń kà á, mo máa ń rántí pé àwọn ará ìjọ ló ṣe èyí fún un, kì í ṣe kèfèrí.

Ọ̀rọ̀ owó, ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ níbẹ̀ torí pé àwọn oníwàásù kì í sọ ọ́. Ẹni tó jẹ gbèsè ò lè kọ owó DTA lẹ́ẹ̀kejì. O sọ fún mi pé o yá owó lórí àwọn áàpù fóònù yẹn torí ẹ̀gbọ́n ẹ ń ṣègbéyàwó, pé wọ́n ti ń halẹ̀ pé àwọn máa fi mẹ́sééjì ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó wà lórí fóònù ẹ. San án tán kó o sì pa áàpù yẹn rẹ́. Màmá ẹ nílé rò pé l'Abuja owó ń já bọ́ lórí igi, pè wọ́n, sọ iye tó ń wọlé gan-an fún wọn, kí wọ́n mọ̀. Wọ́n lè bínú fún oṣù kan. Ó sàn kí màmá ẹ bínú ju kó o máa fi irọ́ bọ́ wọn, torí ẹni tó ń fi irọ́ ṣe olówó nílé ló máa padà fi irọ́ wá owó ọ̀hún níbi iṣẹ́. Má ra aṣọ ẹbí tí apá ẹ ò ká. Má bá wọn jẹun ní Wuse tí owó ẹ bá jẹ́ ti oúnjẹ Kubwa. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ò jọ ọ̀rọ̀ ẹ̀mí, mo mọ̀, ṣùgbọ́n mo ti wo ọ̀pọ̀ ọmọ rere tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa nílùú yìí, kì í ṣe èṣù ló mú wọn, owó ilé ni.

Tí wọ́n bá tún gbé ìwé míì wá, má jà, má sì wàásù. Sọ fún wọn pé o ò lọ, o ò lè sáìn. Tí wọ́n bá ti kọ orúkọ ẹ sí i tipátipá, kọ mẹ́mò kúkúrú kan pé o ò sí níbẹ̀, kọ déètì sí i, jẹ́ kí wọ́n sáìn pé wọ́n gbà á, kó o sì tọ́jú ẹ̀dà kan sílé, kì í ṣe lórí fóònù nìkan. Lọ́jọ́ tí àwọn ayẹ̀wéwò bá dé, ìwé yẹn ló máa sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá ní kó o wá ṣiṣẹ́ níta rẹjísírì, lọ. Tí wọ́n bá fi ẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ fọ́dún mẹ́ta, wà níbẹ̀, máa gbàdúrà, máa wá fáìlì àwọn arúgbó, sì lọ máa ra fáànù kékeré oníṣájì kan, ìyà ò ṣe é fi tọrẹ.

Bàbá tó ń darí ẹgbẹ́ ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì lọ́jọ́ Wednesday ní àdúgbò wa, mo ti bá wọn sọ̀rọ̀ láìdárúkọ ẹ. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n ní irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sáwọn náà nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá síbí láti Èkó, wọ́n ní kó o wá, àwọn ní ìtàn tí wọ́n fẹ́ sọ fún ẹ, àti bí wọ́n ṣe ṣe é tí ara wọn fi dá. Aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni, kì í pẹ́. Lọ́jọ́ Sunday náà, ẹni tí wọ́n gbé sídìí kíbọ́ọ̀dù látìgbà tó ò ti wá, ọmọ dáadáa ni ṣùgbọ́n ìlù kan ṣoṣo ló mọ̀, òun náà ló ń fi lu orin ọpẹ́, òun náà ló ń fi lu orin oúnjẹ alẹ́ Olúwa, a ti ń fara dà á. Ìdánrawò kwáyà ṣì jẹ́ aago mẹ́rin ọjọ́ Saturday. Tó o bá ń lọ, kọ́kọ́ yà sí ṣọ́ọ̀bù, mo ti ṣa ẹ̀wà olóyin mudu méjì sílẹ̀ fún ẹ, má gbé owó wá. Mi ò ní sí níbẹ̀ láàárọ̀ torí mò ń lọ gbẹ́rù, àmọ́ mo ti sọ fún Màláàmù pé kó fún ẹ.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ẹ, ìyá ẹlẹ́wà, Kubwa.